Edé Mọ́kànlá Inú Ihò Kan

Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá Ìyá Onígò láìmọ iṣẹ́ rẹ̀, á rò pé ilé ọtí lòun já sí. Ìgò ni láti ilẹ̀ dé àjà, òórùn sípíríìtì á sì ta á lójú kó tó rójú ríran. Ṣùgbọ́n ọtí tẹ́nikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ni o. Ẹran omi ló ń bẹ nínú àwọn ìgò wọ̀nyẹn, akàn, ìgbín òkun, àti edé, edé lóríṣiríṣi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n tán á darúgbó síbẹ̀. Ilé ìwádìí kan létí òkun ló ni wọ́n. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí obìnrin náà ti ń gun àkàbà kékeré, tó ń rọ ọtí kún èyí tó bá fà, tó ń nu ìdérí, tó ń ka ìwé inú wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọmọ tó ń tọ́ dáa ju tàwọn lọ, wọn kì í ké, wọn kì í bèèrè oúnjẹ. Òun náà á ní kí wọ́n máa wò ó, ọmọ tí kì í ké ló ń dani láàmú jù.

Iṣẹ́ náà lófin tirẹ̀. Inú ìgò ni wọ́n ń ki ìwé ẹran sí, kì í ṣe ara ìgò, torí ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ara a máa ṣí. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, torí ọtí a máa fọ tàdáwà dànù. Tí ìwé bá gbó, a lè kọ tuntun sí i, ṣùgbọ́n a kì í mú ti àtijọ́ jáde láéláé. Àwọn méjèèjì á jọ máa gbé ibẹ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó kọ́ Ìyá Onígò níṣẹ́, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú ń dun, a máa sọ fún un pé edé tí kò níwèé, tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti mú un àti ọjọ́ tí wọ́n mú un, kó gbé e sínú ọbẹ̀ kíá.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń mú edé tó dáa jù wá. Òmùwẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé kò sí omi tó ń bà á lẹ́rù. Ọkọ̀ ìpẹja ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Ìyá Onígò fi ọdún mẹ́fà jù ú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń pọ̀n ọ́n sí nígbà tí ìyá wọn bá wà níbi iṣẹ́. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, Òmùwẹ̀ á yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìgò, á ní Àǹtí mi, mo mú àlejò wá, ẹ wá ibi tí wọ́n máa sùn. Aláwàdà ni, àfi tó bá kan ìwé edé. Kò kàwé lọ títí, àmọ́ kò jẹ́ kọ ohun tí kò dá a lójú. Ibi tí omi bá dé lára rẹ̀ ló fi ń wọn bó ṣe jìn tó: kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí. Tí kò bá sì mọ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé n ò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa ní àwọn tó gboyè rẹpẹtẹ kò nígboyà láti kọ bẹ́ẹ̀.

Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìròyìn dé pé ọkọ̀ wọn dojú dé. Èèyàn méje ló wà nínú ẹ̀, wọ́n rí mẹ́rin. Òmùwẹ̀ kò sí nínú mẹ́rin náà, láàyè tàbí lókùú. Ní Ọjọ́rú, awakọ̀ kan tí Òmùwẹ̀ ti fi ìgò rán kí wọ́n tó gbéra wá gbé e sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Edé mọ́kànlá ló wà nínú ìgò náà. Yàtọ̀ sí ọjọ́ tó mú wọn, ohun tí Òmùwẹ̀ kọ sínú ìwé wọn ni pé: àpáta ìta, omi fà, ó dé orúnkún mi. Mọ́kànlá. Inú ihò kan náà ni mo ti bá gbogbo wọn.

Ìyá wọn kò sunkún. Àwọn èèyàn dé, wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, ó ní ṣé wọ́n rí òkú ẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá. Ó ní ta wá ni ẹ wá ń kẹ́dùn rẹ̀? Bó ṣe dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, àní ó lé àbúrò tirẹ̀ gan-an jáde. Lẹ́yìn náà kò jẹun mọ́. Omi nìkan ló ń mu. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín, ẹ̀rù sì ba Ìyá Onígò pé òfò méjì ló fẹ́ ṣẹ òun láàrin oṣù kan. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń kíra. Ìyá tí omi gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò rí òkú wò, ńkọ́? Kò sẹ́ni tó pa òwe fún ìyẹn.

Irú edé tó wà nínú ìgò náà kì í ṣe àjèjì. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ẹnì kan ti sọ ọ́ lórúkọ ní etíkun kan tó jìnnà réré. Ìwo kan wà níwájú orí rẹ̀ tó rí bí ayùn, eyín ayùn náà sì máa ń jẹ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ìyá Onígò kó wọn sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Ó dé orí ìkeje, ó bá mẹ́fà. Ó tún un kà, mẹ́fà náà ni. Ìwo ọ̀hún tiẹ̀ kúrú díẹ̀, ó sì tẹ̀ sókè ju tàwọn yòókù lọ. Òun nìkan ló wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ síta pé ohun tí òun máa gbé lọ fún Màmá rèé.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe o, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ó kó àwọn mẹ́wàá tó ní eyín mẹ́sàn-án kúrò, ó wá ìgò tiwọn fún wọn. Ó kọ ìwé tuntun fún ìgò méjèèjì: ó kọ àpáta ìta, ó kọ ọjọ́ náà, ó kọ omi dé orúnkún, ó sì dúró síbẹ̀. Kò kọ ọ̀rọ̀ ihò. Ìwé tí Òmùwẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò kúrò nínú ìgò, òfin lòfin ń jẹ́, àmọ́ tuntun ló kọjú síta, ti àtijọ́ wá kẹ̀yìn sáyé. Edé tó bá jọ ń gbé inú ihò kan, ẹbí ni wọ́n. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní í rọrùn fún un láti gbà pé irú méjì ni wọ́n. Nígbà tó gbé ẹyọ kan náà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ojú ti ń dun bàbá náà gidi gan-an, ó ní ìwọ lo lójú, kí lo rí? Ó ní mẹ́fà, sà. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ Òmùwẹ̀ sọ irú edé tuntun nìyẹn, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn onímọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹran kan ṣoṣo ni wọ́n ń yàn kí orúkọ dúró lé lórí, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹyọ edé yẹn ni orúkọ Òmùwẹ̀ dúró lé lórí.

Màmá jẹun lọ́jọ́ tó gbọ́ pé orúkọ ọmọ òun ni wọ́n máa fi sọ edé náà. Nígbà tí ìwé ọ̀hún jáde, kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lójú. Ó ní kí wọ́n fi gíláàsì bo ojú ewé náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹni tó bá wọlé, kó tó rí ibi jókòó, á ti mú un débẹ̀: ọkọ mi rèé, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún tí kò sí apẹja tàbí onímọ̀ tó tún rí irú edé bẹ́ẹ̀, ṣe linú rẹ̀ ń dùn sí i. Á ní ẹ ò rí i, kò sí irú rẹ̀ mọ́. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò pe ọmọ náà ní olóògbé rí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún yẹn náà ni lẹ́tà dé. Ọmọbìnrin olùwádìí kan ló kọ ọ́. Ó ti fi ọdún méje rin etíkun mẹ́rìnlá nítorí edé yìí nìkan, ó ń wo ibi tó dé àti ibi tí kò dé. Irú ti àtijọ́ ló ń bá níbi gbogbo tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ọmọ edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kì í mọ̀nà, omi ló ń gbé e, ibi tó bá já a sí ló máa fi ṣelé. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ́ orúkọ Òmùwẹ̀, kò bá a níbì kankan. Ó fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́ pé ó jọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, òun sì fẹ́ wá wo ẹyọ kan náà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà lóòótọ́, òfin àwọn onímọ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ló ni ín. Orúkọ kejì á bọ́ sílẹ̀. Olórí ilé iṣẹ́, tó dé lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú, tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Òmùwẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i. Ó ní kí Ìyá Onígò múra de àlejò ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Onígò gbé ìgò náà sọ̀kalẹ̀. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ó ń rọ ọtí sí i láìwo inú rẹ̀. Ó gbé edé náà sábẹ́ awò, kò sì pẹ́ tó fi rí ìlà tín-ín-rín kan níbi ìdajì ìwo, bí ojú àpá. Edé a máa bọ́ awọ. Tí ìwo rẹ̀ bá kán nígbà tó wà láàyè, òmíràn á hù tó bá bọ́ awọ, àmọ́ kì í gún régé bíi ti àkọ́kọ́, eyín rẹ̀ kì í sì í pé. Ẹja kan ló ti bù ú jẹ lọ́jọ́ kan tó mórí bọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun kò rí àpá yìí lọ́dún náà lọ́hùn-ún ni. Irọ́ ni. Ó rí i. Ó rí i, ó sì gbójú kúrò níbẹ̀ kíá kó má baà di ohun tó mọ̀.

Ẹ̀mú kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwo edé tó ti pẹ́ nínú ọtí kò le ju ewé gbígbẹ lọ. Tó bá fún un díẹ̀ pére, á kán níbi àpá náà gan-an, kò sì ní í sí eyín tí ẹnikẹ́ni máa kà mọ́. Yóò ní ó ti gbó ni, ó kán mọ́ òun lọ́wọ́, ẹ má bínú. Obìnrin tó ti tọ́jú ìgò fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí kò já ẹsẹ̀ edé kan rí, ta ló máa bi í lẹ́ẹ̀mejì? Àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà lọ́jọ́sí fún ìwé àwọn onímọ̀ ló máa kù, eyín mẹ́fà gedegbe, orúkọ á sì dúró. Ó fi ẹ̀mú kan ìwo náà. Ibẹ̀ ló ti rí igun ìwé àtijọ́ nínú ìgò, ó fà á síwájú, ó kà á. Pẹ́ńsù kò yọ. Ọmọ tí kò jẹ́ kọ ohun tí kò dá a lójú, òun náà lòun fẹ́ fi irọ́ gbẹ́ ibojì fún. Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó jókòó sórí àkàbà, ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí, tí kò gbóòórùn ọtí mọ́.

Ọmọbìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì. Kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì kúnlẹ̀ kí Ìyá Onígò bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Ó tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì, ó ti fi àmì pupa sí gbogbo etíkun tó ti rí edé. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ awò fún wákàtí méjì. Ó kà, ó tún kà, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Onígò mọ irú àkàtúnkà yẹn. Àkàtúnkà ọmọ tó rí àṣìṣe àgbà, tí kò mọ bó ṣe máa fẹnu bà á, ni.

"Má wulẹ̀ dara ẹ láàmú, ọmọ mi," ó ní. "Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ó fi ẹ̀mú yí ìwé Òmùwẹ̀ padà nínú ìgò kí ọmọbìnrin náà lè kà á. Ó kà á tán, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ ihò kò fi sí nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde.

"Èmi ni mo yọ ọ́. Àbúrò mi ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni edé yìí ń jẹ́. Òkun ló gbé e, a ò rí i sin."

Ọmọbìnrin náà wo máàpù rẹ̀, ó wo obìnrin náà. Ó bèèrè ẹni tó kù nílé. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá wọn ṣì wà láyé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ká máàpù náà kúrò lórí tábìlì.

"Mo lè fi í sílẹ̀ ná, mà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ iwájú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ìyá Onígò nínú débi pé ó ní láti dìde kó má baà gbà á. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, Màmá á ti lọ sinmi, kò sì ní í mọ nǹkan kan. Ta ni ìyẹn pa lára? Ṣùgbọ́n ó ti rí ibi tó máa já sí: ìyá á lọ láìsunkún ọmọ rẹ̀, ọmọ á wà nínú omi láìsí ẹni tó sunkún un, òun nìkan á wá ṣẹ́kù, òun àti edé kan tí ẹja bù jẹ. Ó ní kí ọmọbìnrin náà kọ ọ́ bó ṣe rí, kó sì dárúkọ ẹni tó yọ ọ̀rọ̀ ihò. Ọmọbìnrin náà ṣèlérí pé àpáta ìta ò ní í kúrò nínú máàpù òun, pé ibẹ̀ ló jìnnà jù tí edé yìí dé lápá ibí, pé Òmùwẹ̀ ló sì rí i níbẹ̀. Ìyá Onígò dúpẹ́. Àmì pupa kò lè di ọmọ, àmọ́ ẹni tó bá fún ni ní gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́.

Kò dúró di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń mú nígbà tó délé, ó bá Màmá ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ. Ó kúnlẹ̀. Màmá dáwọ́ aṣọ kíká dúró, torí ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún kì í ṣàdédé kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́: ihò, eyín, àpá, ìwé tó kọ àti ìwé tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Màmá gbọ́ ọ tán láìdá a lẹ́nu kọ́.

"Ṣé ẹlòmíràn ló wá rí i ni, àbí ìwọ?" ó bèèrè.

"Èmi ni, Màmá. Mo ti mọ̀ látọjọ́ kìíní. Ẹ ò jẹun nígbà náà."

Màmá bi í bóyá wọ́n ò lè fi orúkọ náà sọ edé mìíràn, kó tiẹ̀ jẹ́ kékeré, kó tiẹ̀ jẹ́ èyí tẹ́nikẹ́ni ò ní í wá wò. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ìbéèrè yìí ló dun Ìyá Onígò jù. Ó ní kò sí, Màmá. Ó ní wọ́n á ṣì máa kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ ní lẹ́tà wínníwínní, pẹ̀lú àwọn orúkọ tí wọn ò lò mọ́. Màmá fọwọ́ na ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lórí itan rẹ̀, ó ń nà án, ó ń nà án, nígbà tí kò sí ohun tó kákò níbẹ̀ mọ́.

"Ibo ló wá wà?" ó ní. "Tí kò bá sí nínú ìwé, ibo lọmọ mi wà?"

"Inú òkun, Màmá."

Ohùn tó jáde lẹ́nu ìyá náà, Ìyá Onígò ò gbọ́ irú rẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ń pe ọmọ náà ní gbogbo orúkọ tó ń jẹ́, ó ń pè é ní ọkọ mi, ó ń bi í pé ṣé omi ọ̀hún tutù, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Ìyá Onígò gbá a mú, àwọn méjèèjì jọ ṣubú lé aṣọ. Aránṣọ tó ń gbé ilé kejì sáré wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ọdún kẹta rẹ̀ ládùúgbò nìyí, Màmá ti mú un lọ wo ojú ewé náà tó ìgbà mẹ́wàá, gbogbo ohun tó sì mọ̀ ni pé ọmọkùnrin inú ìwé yẹn wà nílùú mìíràn. Ó bèèrè pé kí ló dé, ta ló kú?

Ìyá Onígò lanu láti ní kò sí nǹkan kan, bó ṣe máa ń dáhùn fún ìyá rẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí. Màmá gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Ọmọ mi ọkùnrin ló kú."

Aránṣọ náà bèèrè pé ìgbà wo. Màmá ní lónìí ni. Aránṣọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá, Màmá sì dá a lóhùn pé a ṣé o.